Ṣé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní UCH ti kọ́ iṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé náà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fúnra wọn, kò yé é sọ, tó sì ń súni: pé ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, iṣẹ́ sẹ́ńtà ìlera alábọ́ọ́dé kò lè le fún un, nítorí àìsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Pé sẹ́ńtà ló yẹ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn kọ́kọ́ dé kò tún gba àríyànjiyàn. Ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tó wáyé ní Alma-Ata ti sọ ọ́ láti ọdún 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sì tẹra mọ́ ọn nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera.

Ohun tí wọn kò rò ni pé aláìsàn tó ń dé ilé ìwòsàn yunifásítì ti gba inú asẹ́ kọjá. Ní ọdún 1961, Dókítà Kerr White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ fún Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì: nínú 1,000 àgbàlagbà, nǹkan bí 750 ni ara wọn kò yá láàárín oṣù kan, 250 lọ rí dókítà, 9 ni wọ́n dá dúró sí ọsibítù, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì tọ́ka sí ilé ìwòsàn yunifásítì. Iye náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, n kò sì ní lérí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí níhìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà pé tiwa yóò yàtọ̀ lọ títí. Lára ẹnì kan yìí ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa, a wá ní kí wọ́n lọ tọ́jú àwọn yòókù. Orí fífọ́ tó dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ọpọlọ ti tó ohun tí à ń fura sí; èyí tó wọ sẹ́ńtà láàárọ̀ lè jẹ́ ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsùn, èyí tó burú kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn gbáà ni kí ènìyàn yọ ọ́ jáde láìsí ẹ̀rọ.

Ẹ wo ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń wúkọ́. Ní ọsibítù ńlá, wọ́n á ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà rẹ̀. Ní sẹ́ńtà, aago ni irinṣẹ́: ìyá á rẹ ọmọ títí yóò fi dákẹ́, wọ́n á ká aṣọ rẹ̀ sókè, wọ́n á sì ka mímí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, bó bá pé 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, à ń fura sí òtútù àyà nìyẹn. Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn CHEW, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí kì í ṣe dókítà, tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń fojú kéré ni, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún lè sọ iye tó kà nù kí ìṣẹ́jú tó pé.

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá. Bóyá ìyẹn nìkan tó láti mú kí wọ́n padà lọ ṣiṣẹ́ nírú ibẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, n kò ní fọwọ́ sọ̀yà. Owó oṣù, ilé àti iná mànàmáná náà ní tiwọn láti sọ. Ṣùgbọ́n kí òbí tó ń yangàn pé wọ́n ti rán ọmọ òun lọ sí sẹ́ńtà kọ́kọ́ béèrè bóyá olùkọ́ kankan bá a jókòó ti aláìsàn níbẹ̀, àbí ìwé ìwọlé ló kàn ń fọwọ́ sí láàárọ̀.