Abẹ́rẹ́ Tó Ń Ṣáájú Abẹ

Wọ́n ní òkúta tí àwọn ọdẹ fi ń lọ irin ló fún Ìlọrin lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní tíátà tí wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín, abẹ mímú nìkan kò tó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbí ló fi ìgò náà hàn mí: kò ju àtàǹpàkò lọ, ìyẹ̀fun funfun oògùn apakòkòrò wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fa omi sí i, wọ́n á mì í títí á fi mọ́ gaara, wọ́n á wo aago, wọ́n á rọra tì í sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. "Àbúrò mi, òun ló ń ṣáájú abẹ."

Ìtàn rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lórí kíndìnrín. Lọ́dún 1928, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Alexander Fleming rí i pé irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ń pa kòkòrò àrùn. Lọ́dún 1941, ní Oxford, wọ́n fi pẹnisílínì, oògùn tí wọ́n yọ lára ohun náà, tọ́jú ọlọ́pàá kan tí ojú rẹ̀ kún fún ọyún. Ara rẹ̀ ń yá bọ̀. Oògùn ọ̀hún ṣọ̀wọ́n débi pé wọ́n ń gba ìtọ̀ rẹ̀ pamọ́, wọ́n ń yọ oògùn padà níbẹ̀, wọ́n tún ń gún un fún un. Síbẹ̀ ó tán, ọkùnrin náà sì kú. Ó ṣì máa ń dùn mí.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston gbé kíndìnrín Ronald Herrick sí ara Richard, ìkejì rẹ̀. Ìbejì ẹyin kan ni wọ́n, ara Richard kò mọ̀ pé àlejò ló wọlé. Ẹni tí kò ní ìkejì ńkọ́? Oògùn ni wọ́n fi ń mú ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ sùn, kó má baà kọ kíndìnrín àlejò náà. Bí ẹ̀ṣọ́ bá sì ti sùn, ọ̀nà là fún àkóràn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, àkóràn ló pa wọ́n.

Boston kan náà, lọ́dún 1961, ni John Burke ti fi kòkòrò sábẹ́ awọ àwọn ẹran kékeré kan tó jọ òkété, tó sì gún wọn lábẹ́rẹ́ oògùn apakòkòrò ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí oògùn ti wà lára rẹ̀ kí kòkòrò tó dé, awọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má wú. Èyí tó gbà á lẹ́yìn wákàtí 3, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò gba nǹkan kan. Wákàtí 3 péré! Lọ́dún 1992, ìwádìí lára aláìsàn 2,847 ní Amẹ́ríkà bá a mu: àwọn tó gbà á láàárín wákàtí 2 ṣáájú abẹ ni egbò wọn kẹ̀ kéré jù.

Ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ń fi kíndìnrín tuntun sí, wọ́n á rán ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀. Ibi tí ìtọ̀ ti lè dà sílẹ̀, kòkòrò kò jìnnà síbẹ̀. Ìdí nìyí tí cefazolin, oògùn inú ìgò náà, fi ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú 60 kí abẹ tó kan awọ. Kò sì yẹ kí wọ́n máa gún un fún aláìsàn kọjá wákàtí 24.

Lẹ́yìn náà ni Septrin, oògùn apakòkòrò mìíràn, fún oṣù mélòó kan. Septrin kan náà là ń rà ní kẹ́mísìtì lẹ́bàá Ọjà Ọba nítorí ìgbẹ́ gbuuru, láìbi dókítà léèrè. Ó ń bí ẹ̀gbọ́n mi nínú. Ó ní kòkòrò tí oògùn bẹ́ẹ̀ kò ràn mọ́ ti ń wà nínú ìtọ̀ àwọn kan kí wọ́n tó gbé wọn dé tíátà, dókítà á sì ní láti wá abẹ́rẹ́ mìíràn tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mú abẹ.