Kì í ṣe gbogbo 2035 ni ẹjọ́ pásíwọ̀ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà n'Ádó-Èkìtì níbí, tí wọ́n jókòó sílé tí wọ́n ń kọ kóòdù fún àwọn bánkì Èkó, àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Pólì àti EKSU, tí IBM MQ bá ti ju àṣìṣe tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ 2035 sí wọn báyìí, kí wọ́n tó mí, "pásíwọ̀ọ̀dù ni." Wọ́n á ní kí ádímín yí i padà, ádímín á yí i, 2035 á tún yọ, wọ́n á ní bóyá kò yí i dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní òmíràn." Nígbà míì sáfà á ti ti àkáǹtì yẹn pa torí ìgbìyànjú tó pọ̀ jù, ìṣòro kan á wá di méjì.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, MQ ni software tó máa ń gba mẹ́sééjì lọ́wọ́ app kan, á tò ó sínú queue, ibẹ̀ ló máa wà títí app kejì á fi wá gbé e. 1993 ló jáde, MQSeries ló ń jẹ́ nígbà yẹn, ó di WebSphere MQ, láti 2014 ló ti ń jẹ́ IBM MQ. Queue manager ni ọ̀gá tó ń ṣàkóso gbogbo ẹ̀, orí pọ́ọ̀tù 1414 lẹ sì ti sábà máa ń bá a.

2035 ń sọ fún yín pé queue manager ò gbà fún yín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́ ni, 2538 tàbí 2059 lẹ máa rí. Tí orúkọ queue bá ṣì, 2085. Tí queue bá kún, 2053. Ẹni tó bá rí 2035 ti dé ọ̀dọ̀ queue manager, wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má tún wá sọ fún mi pé firewall ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀, tó dẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an lọ̀rọ̀ wà, ni pé queue manager mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ìdí ẹ̀ pamọ́ fún client, ìyẹn app tó ń wá sọ́dọ̀ ẹ̀, ni. Tó bá ń sọ fún gbogbo ẹni tó kan ilẹ̀kùn pé "orúkọ yìí wà o, pásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ nìkan lo ṣì," olè á ti rí ìdajì iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Ó dà bí ìgbà tí àlejò dé ẹnu géètì ààfin tí ẹ̀ṣọ́ ní "ẹ ò lè wọlé," tí ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ tó kọ ìdí ẹ̀ sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwé ọ̀hún wà lórí sáfà. Tó bá jẹ́ Linux, ẹ wo /var/mqm/qmgrs, ẹ wọ inú fódà tó ń jẹ́ orúkọ queue manager yín, ẹ wọ errors, ẹ ṣí AMQERR01.LOG. Ìdí wà níbẹ̀, pẹ̀lú aago àti orúkọ yúsà. Ẹ ti lè máa wo lọ́ọ̀gì app yín lórí láptọ́ọ̀pù láti àárọ̀, ẹ ò ní rí i níbẹ̀ láéláé, torí wọn ò fi ránṣẹ́ sí yín rárá.

Tí ẹ bá rí AMQ9776 tàbí AMQ9777 níbẹ̀, CHLAUTH ló dí channel yẹn, ìyẹn ọ̀nà tí app ń gbà wọlé. CHLAUTH ni òfin tó ń wo ẹni tó ń bọ̀ àti ibi tó ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ AMQ5540, app ò fi orúkọ àti pásíwọ̀ọ̀dù ránṣẹ́ rárá. AMQ5534 ni pásíwọ̀ọ̀dù ò kọjá, ibí yìí nìkan lẹ ti lè máa pariwo pásíwọ̀ọ̀dù. Tó bá wá jẹ́ AMQ8077, wọ́n mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, àṣẹ ni wọn ò fún yín, ó dẹ̀ máa dárúkọ yúsà, á dárúkọ nǹkan tó fẹ́ fọwọ́ kàn, á sọ irú àṣẹ tí kò ní, bóyá connect tàbí put.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí AMQ8077 yìí dáadáa torí òun ló ń da gbogbo ènìyàn láàmú. Ká sọ pé app yín ń lo yúsà kan tó ń jẹ́ payapp, pásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ pé, kò sí wàhálà kankan. Àmọ́ orí Linux tí app yẹn ti ń ṣiṣẹ́, yúsà tó ń jẹ́ tomcat ló ń gbé e rìn. Library MQ máa ń fi orúkọ yúsà kọ̀ǹpútà yẹn ránṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ kọ sínú kóòdù. Queue manager á yẹ pásíwọ̀ọ̀dù payapp wò, á ní ó dáa. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ádímín bá fi ADOPTCTX, sẹ́ẹ̀tì tó ń sọ bóyá orúkọ tí wọ́n yẹ pásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ wò ni kí wọ́n wá àṣẹ fún, sí NO, ẹni tó máa wá àṣẹ fún ni tomcat, kì í ṣe payapp! Tomcat ò láṣẹ kankan níbẹ̀, 2035. Ẹ wá yí pásíwọ̀ọ̀dù payapp títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀rọ̀ yẹn ò kan pásíwọ̀ọ̀dù rárá. Ohun kan náà ló ń ṣe ẹni tó ń tẹ́ẹ̀sì láti láptọ́ọ̀pù: orúkọ tó fi wọlé sí Windows ẹ̀ nílé l'Ádó ló ń lọ bá sáfà ní Èkó, sáfà ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí.

Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Yálà kí ádímín sọ ADOPTCTX di YES kó dẹ̀ ṣe REFRESH SECURITY TYPE(CONNAUTH) kí queue manager lè ka àtúnṣe náà, tàbí kó fún gúrúùpù tí yúsà yẹn wà ní àṣẹ pẹ̀lú setmqaut, command tó ń fún ni láṣẹ: +connect àti +inq (àṣẹ láti béèrè nípa nǹkan) lórí queue manager, lẹ́yìn náà +put tàbí +get lórí queue tó nílò nìkan. App Java tó ń lo JMS (ọ̀nà tí Java fi ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́) sábà máa ń fẹ́ +inq lórí queue náà. Tó bá jẹ́ pé gúrúùpù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí lórí Linux, kí wọ́n ṣe REFRESH SECURITY o, torí queue manager lè máa rántí ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yin á wá rò pé àtúnṣe ò ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò mọ ìdí tí àwọn ènìyàn kì í fi wò ó: níbo ni 2035 ti yọ? Tó bá jẹ́ pé app ti connect, tó jẹ́ ìgbà tó fẹ́ ṣí queue ló kọsẹ̀, pásíwọ̀ọ̀dù ti kọjá nìyẹn. Wọ́n ti gbà á wọlé. Báwo ló ṣe tún máa jẹ́ òun?

Mi ò sọ pé kò lè jẹ́ pásíwọ̀ọ̀dù láéláé o. Ó lè jẹ́. Java client tó bá wà ní compatibility mode, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tó ń gbà fi orúkọ àti pásíwọ̀ọ̀dù ránṣẹ́, ò lè gbé pásíwọ̀ọ̀dù tó ju lẹ́tà 12 lọ, nítorí náà pásíwọ̀ọ̀dù gígùn tó pé pérépéré lè kùnà lójú ọ̀nà, èyí tí mo dẹ̀ rò pé ó dá kún ìgbàgbọ́ yìí, torí ẹni tí wọ́n bá fún ní kúkúrú tó wá ṣiṣẹ́ á máa sọ ọ́ kiri. Ó tún lè jẹ́ nǹkan méjì papọ̀, kí CHLAUTH dí i lónìí, kí wọ́n tú ìyẹn, kí AMQ8077 wá yọ lọ́la. Èmi ò ní búra lórí èyíkéyìí kí n tó rí lọ́ọ̀gì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí pásíwọ̀ọ̀dù ò bá ti yanjú ẹ̀. Ẹnì kan á ní kí wọ́n pa CHLAUTH, ALTER QMGR CHLAUTH(DISABLED). Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n fi mqm, yúsà àwọn ádímín MQ, sí MCAUSER channel, ìyẹn orúkọ tí wọ́n máa fi wá àṣẹ fún gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, tàbí kí wọ́n ti yúsà app sínú gúrúùpù mqm. 2035 á lọ lóòótọ́, lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá wà ní mqm lè pa queue rẹ́, ó lè ka mẹ́sééjì owó onílé owó, ó lè dá service tó máa ran command lórí sáfà fúnra ẹ̀. Tí MCAUSER bá jẹ́ mqm, tí kò dẹ̀ sí òfin míì tàbí ìyẹ̀wò pásíwọ̀ọ̀dù lórí channel yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá lè dé pọ́ọ̀tù 1414 ti di ádímín láìmọ pásíwọ̀ọ̀dù kankan. Ẹ má sọ pé sáfà tẹ́ẹ̀sì lásán ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń kó sẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ̀sì lọ sórí èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, tí ẹnikẹ́ni ò ní rántí.

Torí náà tó bá tún yọ, ẹ má pe ádímín pé kó yí pásíwọ̀ọ̀dù. Ẹ kọ aago tó yọ sílẹ̀, orúkọ channel, orúkọ yúsà tẹ́ ẹ fi sínú kóòdù àti èyí tó ń gbé app rìn lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ ní kó ka ìlà AMQ tó wà ní aago yẹn fún yín. Ẹ dẹ̀ tètè ṣe é, torí tí AMQERR01 bá ti kún á di 02, 02 á di 03, èyí tó wà ní 03 tẹ́lẹ̀ á sì pa rẹ́ pátápátá.