Ta ni tiwa, ta ni tiwọn nínú géèmù?

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe géèmù máa ń bi mí jù ni pé àwọ̀ wo ni kí àwọn fún ọ̀tá. Pupa ni, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ibi tí ẹ ó fi pupa náà sí ló le.

Ẹ wo RimWorld, géèmù tí èèyàn ti ń tọ́jú ìletò kékeré kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà réré. Òkè la ti ń wo àwọn èèyàn ibẹ̀: orí àti ẹ̀wù, kò sí ẹsẹ̀. Ẹ̀wù ì bá jẹ́ ibi tó yẹ kí àmì wà, àmọ́ ẹ̀wù kì í dúró sára ẹnì kan níbẹ̀. Àwọn èèyàn yín lè bọ́ ti ọ̀tá tó kú kí wọ́n gbé e wọ̀ (inú wọn ò ní dùn pé aṣọ òkú ni, àmọ́ òtútù ò mọ ìyẹn). Nítorí náà, orúkọ tó wà lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ̀rọ̀: funfun ni ti ará ìletò, pupa ni ti ọ̀tá. Ọgbọ́n yìí wù mí. Orúkọ ò ṣeé bọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì máa ń wọnú ara wọn: ẹ̀yìn ta ni ẹni yìí wà, àti pé kí ló fẹ́ fi mí ṣe báyìí? Nínú RimWorld kan náà, ẹlẹ́wọ̀n tí ẹ mú lánàá lè gbà láti di ọmọ ilé. Ọmọ ilé tí ìdààmú bá dà lórí rú sì lè kọjú ìjà sí àwọn tirẹ̀. Àmì tó bá dáhùn ìbéèrè kan péré á tan yín jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Age of Empires II, géèmù ogun tó jáde ní 1999, ya méjèèjì sọ́tọ̀. Èèyàn 8 lè jọ gbá a, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Bí ojú bá dàrú, ètò kan wà tí ẹ lè yí sí: tiyín á di búlúù, ti alájọṣe yín yẹ́lò, ti ọ̀tá pupa. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ni jagunjagun, èkejì ń sọ ohun tó jẹ́ sí yín. Wọn ò sì kùn ún látòkè délẹ̀. Apá kan lára aṣọ tàbí asà ló ń gbé àwọ̀. Bí òde ìgbéyàwó ni: léèsì lè jọra, gèlè àti fìlà ló ń sọ ẹbí ìyàwó yàtọ̀ sí ti ọkọ.

Àwọ̀ nìkan ò tó. Láàárín àwọn ọkùnrin àríwá Yúróòpù, bí 1 nínú 12 ni kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín tiwa, àmọ́ oòrùn ọ̀sán lójú fóònù olówó pọ́ọ́kú á sọ gbogbo wa dà bẹ́ẹ̀. Àwọn ológun NATO, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà fi ń dáàbò bo ara wọn, ti yanjú èyí. Lórí máàpù wọn, ọmọ ogun ilẹ̀ tó jẹ́ tiwọn wà nínú àpótí gbọọrọ aláwọ̀ búlúù. Ti ọ̀tá wà nínú àpótí pupa tó fi igun dúró bíi dáyámọ́ńdì. Ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ní àpótí onígun mẹ́rin ọgbọọgba aláwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ pẹ́ńsù lásán lẹ fi yà á, ẹ óò ṣì mọ ẹni tí ẹ máa yìnbọn fún.

Ẹ ya fọ́tò ojú géèmù yín, kí ẹ yọ gbogbo àwọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá bá di eérú kan náà, ẹ wá ìrísí mìíràn fún ọ̀kan: òrùka lábẹ́ ẹsẹ̀, igun lórí orúkọ, àsíá.

Ẹni tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni ẹni tí a ò tíì mọ̀. NATO fún un ní yẹ́lò àti ìrísí òdòdó eléwé mẹ́rin. Ẹ fún un ní tirẹ̀, ẹ má fi í sábẹ́ ọ̀tá. Nígbà tó bá sì wá hàn pé tibí tàbí tọ̀hún ni, ẹ má ṣe yí àmì náà ní bòńkẹ́lẹ́. Kí orúkọ rẹ̀ ṣẹ́jú, kí ohùn kékeré kan dún, pàápàá bí ẹni náà bá wà ní ìkángun ojú fóònù níbi tí ẹnikẹ́ni ò wò.