Àgùnfọn inú aṣálẹ̀: kí ni àwọn olùwádìí ń wá kiri lórí àpáta Sàhárà?

Àwòrán àgùnfọn méjì tí wọ́n fín sára àpáta ní Dabous, lápá àríwá Agadez ní Niger, ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Yanrìn gbígbẹ ló yí wọn ká, ìyẹn ló sì ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ṣé kì í ṣe ayédèrú?
Rárá o, wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó tóbi jù nínú wọn gùn ju mítà 5 lọ.

Báwo ni àgùnfọn ṣe dé aṣálẹ̀?
Kò tíì di aṣálẹ̀ nígbà náà. Láti nǹkan bí 11,000 ọdún sẹ́yìn títí di 5,000, òjò ń rọ̀ ní Sàhárà, koríko sì hù. Ní Wadi Mathendous ní Libya, ọ̀nì pàápàá wà lára ohun tí wọ́n fín.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí wọn?
Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun àpáta lè ní èédú nínú, èédú sì ṣeé fi ka ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó fín àpáta kò fi nǹkan kan kún un, ńṣe ló yọ lára rẹ̀. Ohun tó yí i ká nìkan ló kù tí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí. Ilà tuntun máa ń mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ara àpáta. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èèpo dúdú á tún bò ó. Bí ilà kan bá gé òmíràn kọjá, èyí tí wọ́n gé ló ti wà ṣáájú. Bí ràkúnmí bá wà níbẹ̀, àwòrán náà kì í ṣe ti ayé àtijọ́ gan-an, torí ràkúnmí pẹ́ kó tó wọ Sàhárà. Ní Qurta ní Íjíbítì, yanrìn tó bo àwọn àwòrán mọ́lẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, ó sì fi hàn pé wọ́n ti lé ní 15,000 ọdún. Ti Dabous, ìfojúbù ni: 6,000 sí 9,000. Ẹni tó bá dárúkọ ọdún kan pàtó fún yín ń méfò ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá wọn?
Sátẹ́láìtì ń fi àpáta hàn, kì í fi ilà hàn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá a, ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti ẹ̀gbẹ́ wá tí òjìji sì kún inú ilà. Lọ́sàn-án gangan, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Wọ́n á ya ọ̀pọ̀ fọ́tò tí etí ọ̀kan ń wọnú òmíràn, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà kí ìtóbi rẹ̀ lè hàn. Ẹ má ṣe fi ṣọ́ọ̀kì kun ilà, ẹ má sì da omi sí i: méjèèjì ń ba èèpo tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí jẹ́.

Ṣé mo lè lọ wò ó?
Àwọn agbébọn wà ní àríwá Niger. Ẹ má lọ láìgba ìwé àṣẹ, ẹ má sì lọ láìsí afinimọ̀nà ọmọ ibẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó gun àpáta.

Bí mo bá ṣèèṣì rí irú rẹ̀ ńkọ́?
Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì gbé ojú ibi tó wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2009, wọ́n fi ọ̀dà ba àwọn àwòrán jẹ́ ní Tadrart Acacus ní Libya. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní orílẹ̀-èdè tí ẹ ti rí i nìkan ni kí ẹ sọ ibẹ̀ fún.