Sísá àgbàdo tó bu sóòrùn kò yọ oró inú rẹ̀

Ìnagijẹ a máa ro ènìyàn, ó sì ro ẹlẹ́dẹ̀ náà. Ọ̀bùn ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹran tó ń pàfọ̀, tó ń fi imú tú ilẹ̀, tó ń jẹ ohun tí ẹran mìíràn gbóòórùn tó kọjá lọ, ta ni yóò rò pé àgbàdo tó bu díẹ̀ lè ṣe é ní nǹkan? Bí àpò oúnjẹ bá bu, olùsìn á tú u sóòrùn, á gbọn èébu ara rẹ̀ dànù, á pò ó mọ́ èyí tó dára, á ní, "Ẹlẹ́dẹ̀ ṣáà ni." Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ á sè é.

Irọ́ méjì ló so mọ́ra wọn níbẹ̀. Èkíní ni pé inú ẹlẹ́dẹ̀ le. Èkejì ni pé bí èébu bá ti lọ, oró rẹ̀ ti bá a lọ.

Èkejì ni n ó kọ́kọ́ mú. Èébu jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí. Oòrùn lè pa á, iná lè pa á, ọwọ́ lè gbọ̀n ọ́n dànù. Ṣùgbọ́n oró tó ti tú sínú hóró àgbàdo kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí, nítorí náà kò sí ikú tó lè kú. Ẹni tó pa ejò lẹ́yìn tó ti bu ènìyàn ṣán, ṣé ó ti pa oró tó wà lára ẹni náà? Aflatoxin, tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn oró yìí, máa ń fara da ooru tó ju igba ìwọ̀n lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ní 100 ni omi ti ń hó. Ẹni tó ń se àgbàdo tó bu kàn ń fi igi ṣòfò ni. Ooru ẹ̀rọ tó ń tẹ oúnjẹ ẹran di hóró náà kò tó nǹkan. Ásíìdì tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ kó má baà bu wúlò gan-an, àmọ́ ó ní láti ṣáájú èébu. Bó bá dé lẹ́yìn, ó lè dá èébu dúró, oró tó wà nílẹ̀ kò ní gbọ́ tirẹ̀.

Ojú gan-an ń tan ènìyàn jẹ. Àwọn èébu kan wà tó jẹ́ pé orí igi àgbàdo àti àlìkámà lóko ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wọn, pàápàá nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lásìkò òdòdó. Fusarium ni orúkọ ìdílé wọn. Kí irè tó dé àká, wọ́n lè ti tu oró tiwọn. Hóró náà á mọ́, á ń dán, kò sì ní rùn. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá kòkòrò àrùn títí, wọn kò rí i. Oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n kó wá láti Bùràsíìlì ló gbé oró wọlé, àyẹ̀wò oúnjẹ yẹn ló sì mú kí aráyé mọ aflatoxin.

Ó wá ku inú ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ní ó le. Ẹni tó bá ka Bíbélì mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ àpọjẹ. Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ oúnjẹ ni tibẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ìṣòro ẹlẹ́dẹ̀ wà náà nìyẹn. Màlúù àti àgùntàn ní àpòlúkù ńlá kan níwájú tó kún fún àwọn kòkòrò àìfojúrí, àwọn yẹn a sì máa fọ́ apá kan nínú oró náà kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Ti ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀. Apá òkè ìfun kékeré ló ti ń fa oró wọ ara, nígbà tó sì jẹ́ pé inú ìfun ńlá, lẹ́yìn pátápátá, ni ogunlọ́gọ̀ kòkòrò tirẹ̀ wà. Kí ọlọ́pàá tó dé, olè ti kọjá odi.

Ìdí nìyẹn tí oró Fusarium kan tó ń jẹ́ deoxynivalenol, tí wọ́n gé kúrú sí DON, fi ń bá ẹlẹ́dẹ̀ jà ju adìẹ àti màlúù lọ. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi síta lọ́dún 2006 ni pé kí DON inú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ má kọjá 0.9 mílígíráàmù nínú kílò kan. Fún ọ̀pọ̀ ẹran mìíràn, 5 ni wọ́n fi sí. Ẹ ṣírò ó: 0.9 yẹn kò tó gíráàmù kan nínú tọ́ọ̀nù oúnjẹ odindi.

Kí ni oró náà ń ṣe nínú ìfun? Ipele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bo ògiri ìfun nínú, kì í sì í pẹ́ gbó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara á ti bọ́ ti àtijọ́ dànù, á ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, bí ilé tí bíríkìlà ń rẹ́ lójoojúmọ́. Purotéènì ni sìmẹ́ǹtì rẹ̀. DON a máa dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, bíríkìlà á wá dúró lásán. Àwọn ọmọ ìka wẹ́wẹ́ tó ń fa oúnjẹ wọ ara á kúrú, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti so mọ́ra á tú, àwọn kòkòrò tí kò yẹ kó kúrò nínú ìfun á sì máa yọ́ bọ́ sínú ara. Fumonisin, oró mìíràn láti ìdílé kan náà, ti hàn nínú àyẹ̀wò pé ó ń jẹ́ kí bakitéríà E. coli pọ̀ sí i nínú ìfun ọmọ ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹran lè má kú rárá, ohun tó sì ń mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti gbà gbọ́ nìyẹn. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ á kàn máa yàgbẹ́ rírọ̀, wọn kò ní tóbi bó ṣe yẹ, àwọn kan á tóbi, àwọn kan á rán, àjẹsára tí wọ́n gbà kò sì ní ràn wọ́n tó. Olùsìn á ra oògùn. Ìgbẹ́ á dáwọ́ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀, torí inú abọ́ oúnjẹ ni àrùn náà ti ń wá.

Nígbà tí DON bá pọ̀, ẹran tí wọ́n ní ó ń jẹ ohun gbogbo yìí á kọ oúnjẹ, tàbí kó bì í. Àwọn kan á wá fi nǹkan dídùn pò ó kó lè jẹ ẹ́. Mo rò pé kò sí ìwà tó burú tó ìyẹn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹran ti sọ tẹnu rẹ̀, ẹ ń fi ṣúgà dí i lẹ́nu.

Bí ojú ara wúńdíá ẹlẹ́dẹ̀ bá ń wú bí ẹni pé ó fẹ́ gùn, nígbà tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó, oró Fusarium mìíràn tó ń jẹ́ zearalenone ni kí ẹ fura sí. Bí wọ́n bá ń mu omi lámujù, tí wọ́n sì ń tọ̀ ṣáá, ochratoxin, tó jẹ́ oró èébu mìíràn, lè ti ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà pé ó ń gba oró mọ́ra náà ní ìgbàgbọ́ òdì tirẹ̀. Amọ̀ bentonite mọ aflatoxin í dì mú dáadáa. DON kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ra amọ̀ nítorí DON ti náwó sómi. Pípò tó bu mọ́ tó dára náà kò pa oró, ṣe ló ń pín in kiri. Bí aflatoxin inú oúnjẹ bá ti kọjá òdiwọ̀n, òfin Yúróòpù kò gbà kí wọ́n pò ó mọ́ èyí tó dára.

Kí àgbàdo gbẹ kí ó tó wọ àká, kí omi inú rẹ̀ má ju 13 tàbí 14 lọ nínú 100, kó sì má fara kan ilẹ̀. Kí ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, nítorí inú hóró tó ti fọ́ àti ekuru ni oró ti ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá ń mú díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má bù ú láti ojú kan. Oró kì í tàn ká dọ́gba. Igun kan nínú àpò lè mọ́ nígbà tí ìkejì kún fún un. Ẹ fi ọwọ́ wá abẹ́ ẹnu ọpọ́n oúnjẹ pẹ̀lú, níbi tí oúnjẹ àná ti rin, tó ti lẹ̀ mọ́ igi. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò kí ẹ tó da tuntun sí i.