Bíbọ̀ Olúwa kì í ṣe “ìmúrasílẹ̀ Kérésì”

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ ni wọ́n máa ń bí mi nínú. Wọn á kọ ọ́ sínú ìwé ìsìn pé “Ọjọ́ Ìsinmi Kìíní nínú Àdìfẹ́ńtì”, ìyẹn ìgbà ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì. Ẹlòmíràn tó ní òun fẹ́ sọ ojúlówó Yorùbá á pè é ní “Ìgbà Ìmúrasílẹ̀ Kérésìmesì”. Ti àkọ́kọ́ kò sọ ohunkóhun fún ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn. Ti èkejì ló burú jù, torí irọ́ ló ń pa. Aṣọ rírán àti adìyẹ rírà ni ìmúrasílẹ̀ Kérésì. Bíbọ̀ Olúwa lèmi ń pe ìgbà náà.

Àwọn kan ní “Dídé” ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ Látìn tí Àdìfẹ́ńtì ti wá jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dé ti bọ́ bàtà, ó ti mumi. Ẹni tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́nà, a ṣì ń wo ọ̀nà rẹ̀. (Ẹ yọ ti Yorùbá tó ń jáde nílé tó ní “mò ń bọ̀” kúrò.) Bíbọ̀ méjì ni Ìjọ sì ń wò pọ̀: ti ọmọ tí wọ́n bí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, àti ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí yóò wá ṣèdájọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé “ẹ máa ṣọ́nà” ni ìwé Ìhìnrere máa ń wí lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibùjẹ ẹran. “Ìmúrasílẹ̀ Kérésì” gbé ọ̀kan, ó ju ọ̀kan nù. Ẹnì kan tún ní bíbọ̀ jọ ti abọ̀rìṣà. Kó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìjà parí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó bá sún mọ́ 30 oṣù kọkànlá jù lọ ni Bíbọ̀ Olúwa ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọdún Ìjọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ elésè àlùkò ló ń wà lórí pẹpẹ, àwọn Àgùdà kì í sì í kọ “Ògo fún Ọlọ́run” lọ́jọ́ ìsinmi wọ̀nyí; ó di alẹ́ Kérésì. Ọjọ́ méjìlá ni Kérésì fúnra rẹ̀, láti 25 oṣù kejìlá dé 5 oṣù kìíní.

Ọjà kò mọ ìyẹn. Ẹ wo ìnáwó tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì kí ìyàwó tó wọ gbọ̀ngàn. Àlejò ti jẹ, ó ti jó, wọ́n ti pín ike àti tówẹ̀lì. Nígbà tí alága ìjókòó máa fi ní kí wọ́n mú ìyàwó wọlé, ìdajì èèyàn ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Àwọn ọlọ́jà ò sì fi bò. Ní 1939, Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣe Ọjọ́ Ìdúpẹ́, bọ́ sí ọjọ́ 30. Àwọn oníṣòwò figbe ta pé ọjọ́ tí àwọn máa fi ta ọjà Kérésì lẹ́yìn rẹ̀ ti kéré jù. Ààrẹ Franklin Roosevelt bá gbé Ọjọ́ Ìdúpẹ́ wá sí ọjọ́ 23 oṣù náà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé e, àwọn kan kọ̀. Ó di 1941 kí òfin tó fi í sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin. Káàdì tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ dé Kérésì, tó ní ṣokoléètì lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tà fún ọmọdé náà ń kọ́? Ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ló ń ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 2022, ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ni Bíbọ̀ Olúwa bẹ̀rẹ̀.

Ilé Ọlọ́run náà ò mọ́ nínú ẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ni King's College ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe ìsìn kárọ́ọ̀lù wọn láti 1918. Tiwa, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà a ti ṣe é tán, nítorí àwọn tó ń lọ sílé. Ọ̀nà jìn lóòótọ́. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ 27, tó jẹ́ ọjọ́ kẹta Kérésì, kí ló dé tí ẹgbẹ́ akọrin ti gbàgbé orin ọ̀hún?