Bí iná ṣe ń bọ́ kọ́ráàlì inú táǹkì

Iyùn, tí wọ́n tún ń pè ní kọ́ráàlì, èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni ti ọrùn ọba, èyí pupa yẹn, inú òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti máa ń wà á, ibi tó ṣókùnkùn ló sì ń hù sí, kò fi oòrùn ṣe nǹkan kan. Èyí táwọn èèyàn ń sìn nínú táǹkì gíláàsì pẹ̀lú omi iyọ̀ yàtọ̀. Ẹranko lòun náà o, kì í ṣe òdòdó, àmọ́ àwọn ewé tíntìntín kan ń gbé inú ẹran ara ẹ̀, wọ́n fara jọ èyí tó máa ń mú inú dúrọ́ọ̀mù omi yọ̀ tí oòrùn bá ti ń pa á, ewé yìí á gba iná, á fi se oúnjẹ, kọ́ráàlì á sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dojú rú ni pé èèyàn á wo táǹkì, ó mọ́lẹ̀ rekete lójú ẹ̀, á ní ó ti tó. Ojú wa ò lè wọn ohun tí ewé yẹn ń jẹ. Búlúù ló ń jẹ jù, láti bíi nanomita 400 sí 500 (ìwọ̀n ìgbì iná nìyẹn), torí omi òkun máa ń gbé pupa mì kó tó jìn, búlúù ló ń dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù pálọ̀ ò fi lè ṣe é, LED tí wọ́n ṣe fún kọ́ráàlì ni kẹ́ ẹ wá. PAR, ìyẹn ìwọ̀n iná tí ewé lè fi se oúnjẹ, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àwọn tó rọ̀ tó máa ń jó nínú omi, 50 sí 150 tó wọn, àwọn tó le bí òkúta tó yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín á fẹ́ 200 sí 350.

Ẹni tó bá ti gbin ata rí l'Ógbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé wọn kì í ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí ata kékeré lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án gangan, ewé á jó. Bákan náà ni. Kọ́ráàlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìsàlẹ̀ táǹkì ni kó wà, iná ní pásẹ́ǹtì 30 tàbí 40, wákàtí 8 lóòjọ́, kẹ́ ẹ máa fi bíi pásẹ́ǹtì 5 tàbí 10 kún iná lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wo ara ẹ̀. Tí iná ò bá tó, á di búráùn, torí ewé inú ẹ̀ ń pọ̀ sí i kó lè rí iná mú, òmíì á máa na ọrùn sókè. Tó bá pọ̀ jù, àwọ̀ á máa ṣí, apá tó kọjú síná ló sì máa ń kọ́kọ́ funfun. Ẹ tètè dín in kù.

Ṣùgbọ́n tí gbogbo ara ẹ̀ bá funfun pa pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ooru. Dígíríì 24 sí 27 ló tù ú lára, lóṣù kẹta níbí omi táǹkì lè kọjá 30, iná tí kò pa á lóṣù kẹjọ lè wá pa á nígbà yẹn. Ẹ fi fáànù fẹ́ ojú omi, kẹ́ ẹ fi omi tí ò níyọ̀ dí èyí tí afẹ́fẹ́ bá gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wá ńkọ́? LED 100 wáàtì fún wákàtí 8, wáàtì-wákàtí 800 ló jẹ, pọ́ǹpù 20 wáàtì tọ̀sántòru á jẹ 480, bátìrì ìnfátà kan tó jẹ́ fóltì 12, 200 Ah, èyí tó ní ásíìdì, kì í ṣe lítíọ́mù, kò yẹ kéèyàn lò ju 1,200 nínú 2,400 tó wà nínú ẹ̀ kó má baà tètè kú. Iná àti pọ́ǹpù lápapọ̀ jẹ́ 1,280, kò lè gbé e. Iná ni kẹ́ ẹ dín sí wákàtí 6, ẹ má fọwọ́ kan pọ́ǹpù, torí kọ́ráàlì lè fara da òkùnkùn ọjọ́ kan tàbí méjì àmọ́ omi tó dúró sójú kan á pa á.

Nígbà ọyẹ́, eruku pẹ̀lú iyọ̀ tó ta sára gíláàsì iná máa ń bò ó. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nù ún lẹ́yìn oṣù kan, ẹ kọ́kọ́ fa iná wálẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan gbé e padà.